Atúbọ́ǹbù Ni Mo Kọ

Ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé, Sípánà wà lábẹ́ jẹnẹrétọ̀ ilé ìtẹ̀wé kan, ó ń tú nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà, ọ́ìlì dúdú sì ń kán sí i lọ́rùn. Ó ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ti ń tẹ̀ lé àwọn mẹkáníìkì kiri ni wọ́n ti ń pè é ní Sípánà, ìyá tó bí i gan-an ò sì pè é ní nǹkan mìíràn mọ́. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógún báyìí, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, yàrá kan tí kò ní fèrèsé lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé yẹn. Bí ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni bá kọṣẹ́ ládùúgbò, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí. Á gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì láti òpópónà kejì, á sì sọ ohun tó ń ṣe é.

Bàbá rẹ̀ ló wá pè é. Akọ̀wé iléeṣẹ́ omi ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìn tì, ẹni tí kì í kánjú rìn láéláé ni. Lọ́jọ́ yẹn, ó sáré dé ẹnu ọ̀nà, sálúbàtà wà lẹ́sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì wà lásán.

"Jáde síta," ó ní. "Wọ́n ti pa ẹ̀gbọ́n rẹ."

Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Ẹ̀gbọ́n yìí ti wọ iṣẹ́ ológun láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, kì í sì í ṣe ẹ̀ka tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ ló wọ̀. Àwọn onífìlà dúdú ló bá lọ, àwọn àṣàyàn tí wọ́n ń kọ́kọ́ rán lọ síbi tó bá gbóná jù. Bí ọgọ́rùn-ún bá dán an wò, mẹ́jọ ni wọ́n ń mú. Àwòrán wọn wà lára ògiri gbogbo ibùdókọ̀: ọkùnrin kan tó de fìlà dúdú, tó gbójú sókè bí ẹni pé òun ló ni ọ̀run. Ẹ̀gbọ́n Sípánà rí àwòrán yẹn lẹ́ẹ̀kan, ọkàn rẹ̀ ò sì padà sílé mọ́.

Lẹ́tà náà ò ju ìlà mẹ́fà lọ. Ó ní ó kú ikú akin. Ó ní orílẹ̀-èdè ò ní gbàgbé rẹ̀ láé. Ní ìlà kẹta, wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ìsìnkú ni ọ̀rẹ́ olóògbé wá kí wọn, sójà bíi tirẹ̀, báńdéèjì ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó jókòó sí pálọ̀, kò fẹnu kan tíì tí ìyá gbé fún un. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Mọ́mì, ẹ má bínú," ó ní. "Mi ò lè dá ẹrù yìí gbé mọ́. Wọn ò tú ọ̀nà yẹn."

"Wọn ò tú u báwo?" Sípánà bi í.

"Àwọn atúbọ́ǹbù ló yẹ kó kọ́kọ́ rìn ín. Àwọn ló ń wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, kí ọkọ̀ tó kọjá. Àwọn mẹ́rin péré ló wà fún gbogbo agbègbè yẹn, wọ́n sì ní ó di ọ̀la kí àwọn tó dé. Ọ̀gá wa ní òun ò lè dúró. Èèyàn ńlá kan ń bọ̀ wá ya fọ́tò nílùú tó wà níwájú, ọ̀gá wa sì fẹ́ kí èèyàn ńlá náà bá òun níbẹ̀. Ó ní ká máa lọ. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni ọ̀rẹ́ mi wà."

Ìyá gbé tíì náà padà lọ sẹ́yìn ilé. Bàbá dìde, ó wọ yàrá lọ, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ó wá ku Sípánà nìkan níwájú sójà náà. Inú bí i débi pé ó dìde dúró.

"Ọ̀gá yín yẹn ńkọ́?" ó bi í. "Kí ni wọ́n fi í ṣe?"

"Wọ́n ti gbé e ga," sójà náà fèsì.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni ìbínú yẹn fi bá Sípánà jẹun, tó bá a sùn, tó bá a jí. Ó fọ́ ife méjì. Oníbàárà kan ní kó fi sùúrù gbà, pé Ọlọ́run ló fún wọn, Ọlọ́run náà ló gbà á. Sípánà ní, "Ọlọ́run ò wa mọ́tọ̀ gba ọ̀nà tí wọn ò tú," ó sì lé e jáde tòun ti jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ti tú sílẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó pa ṣọ́ọ̀bù dé, ó lọ gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ológun.

Ojú ewé mẹ́rin ni fọ́ọ̀mù náà. Lójú ewé kejì, àpótí mẹ́ta wà níbẹ̀: ẹ̀ka tí o fẹ́ jù, èyí tó tẹ̀ lé e, èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Àpótí mẹ́ta yìí ló gbé ogun wọlé wọn kí Sípánà tó fojú kan ogun rárá.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Èyí kì í tilẹ̀ ṣe ojúgbà, inú kan náà lẹ ti jáde. Wọ́n ti jẹ akọ lọ́wọ́ mi, ṣé kí n wá di abo náà fún wọn ni?"

Bàbá mú fọ́ọ̀mù, ó kà á látòkè délẹ̀ bó ṣe máa ń ka ìwé iléeṣẹ́ omi. "Kí ni ológbò ń wá tó fi jóná?" ó ní. "Ṣé ṣòkòtò ló fẹ́ mú ni, àbí ẹrù ló fẹ́ kó?" Nígbà tó rí i pé ọmọ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín, tí ojú rẹ̀ ò sì yẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Tó bá di dandan, kọ òfúrufú. Aṣọ wọn mọ́. Ẹnikẹ́ni ò sì lè rì bọ́ǹbù mọ́ ojú ọ̀run."

Àbúrò bàbá wà níjókòó, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Sójà. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá yìí fi ka bàtà àti bẹ́líìtì ní sítọ̀ ológun, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ̀rọ̀ ogun bí ẹni pé òun ló bí i.

"Òfúrufú kẹ̀?" ó ní. "Òfúrufú ń fẹ́ ìwé. Ojú omi ń fẹ́ òmùwẹ̀, èyí ò sì lè lúwẹ̀ẹ́ nínú garawa. Ọ́fíìsì ló máa lọ. Mo mọ ẹni tó máa fi í síbẹ̀. Fáànù wà, àga wà, kò sẹ́ni tó ń yìnbọn fún fáìlì."

"Ta ló wá máa tú ọ̀nà?" Sípánà bi wọ́n.

"Ọ̀nà wo?"

"Ọ̀nà tí wọn ò tú. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n. Tí gbogbo ẹni tó lágbára bá ń wá fìlà dúdú, tí gbogbo ẹni tó ní bàbá nínú iṣẹ́ ń sá wọ ọ́fíìsì, ta ló kù tó máa tú u?"

"Kì í ṣe ìwọ," bàbá rẹ̀ ní. Ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Ìwọ kọ́ lo máa tú u. Ọ̀rọ̀ ti parí."

Ọ̀rọ̀ ò parí. Gbogbo ohun tó ti dúró lọ́fun Sípánà láti oṣù mẹ́ta bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó parí, Bàbá! Wọ́n ṣi orúkọ ọmọ yín kọ, ẹ ò wí nǹkan kan. Wọ́n gbé ẹni tó rán an lọ kú ga, ẹ wọ yàrá lọ ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́!"

Kò bá bàbá rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ pariwo: "Bàbá rẹ lò ń bá wí bẹ́ẹ̀? Tọrọ àforíjì! Tọrọ àforíjì kíákíá!"

Ó tọrọ àforíjì. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Ṣùgbọ́n kò kó ọ̀rọ̀ náà jẹ, gbogbo wọn sì mọ̀ pé kò kó o jẹ.

Lọ́jọ́ tó lọ dá fọ́ọ̀mù padà, ọ̀gá tó ń gba èèyàn síṣẹ́ wo orúkọ tó wà lókè ìwé, ó wo ojú rẹ̀, ó tún wo orúkọ. Ara rẹ̀ yá gágá. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì.

"Ṣé àbúrò akọni wa nìyí? Jókòó, jókòó! Wò ó, mo ní ìròyìn ayọ̀ fún ẹ. Àwọn onífìlà dúdú ti fẹ́ máa gba obìnrin. Méjìlá péré la fẹ́ kọ́kọ́ mú. Ìwọ gan-an la ń wá. A máa ya ẹ́ ní fọ́tò, a máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ibùdókọ̀: àbúrò gba fìlà ẹ̀gbọ́n! Ìdánwò tó le yẹn, a máa bá ẹ wò ó dáadáa."

Sípánà wo ọwọ́ ọkùnrin náà tó ń yí bírò. Ọwọ́ mímọ́, èékánná gígé. Ó bi í pé àwọn mélòó ló ń tú bọ́ǹbù báyìí.

"Àwọn yẹn? Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ẹrẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí. Kò sẹ́ni tó ń ya wọ́n ní fọ́tò. Ìdajì wọn, ìka wọn ò pé."

Sípánà gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ "atúbọ́ǹbù" sínú àpótí àkọ́kọ́, ó kọ ọ́ sínú èkejì, ó sì kọ ọ́ sínú ẹ̀kẹta, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lo kọ ọ́," ọ̀gá náà ní.

"Kẹ́ ẹ má baà ṣì í kọ ni, sà."

Ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́ bọ́ǹbù jẹ́ ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ti di àgbàlagbà, tí ìka méjì sì ti lọ lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń sọ jù. Ẹ̀rọ wáyà kan wà tó fi ń dán wọn wò. Bí èèyàn bá ṣì í tú, agogo á dún gbàgàdà, Jẹ́jẹ́ á sì wí pé, "O ti kú. Ẹni tó kàn."

Sípánà, tó mọ ẹ̀rọ bí ẹni mọ ojú ara rẹ̀, kú nígbà mọ́kànlá lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Kì í ṣe pé kò mọ ọ̀nà. Bó bá ti mú wáyà lọ́wọ́, ojú ọ̀gá tí wọ́n gbé ga, tí kò tiẹ̀ rí rí, á wá síwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sì fà ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà kejìlá tí agogo dún, ó gbá ẹ̀rọ náà lù mọ́ ògiri.

Ó retí pé wọ́n máa lé òun. Jẹ́jẹ́ ní kí àwọn yòókù jáde. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa wáyà nílẹ̀.

"Ta ni wọ́n pa fún ẹ?" ó bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ni tèmi. Ọdún mọ́kàndínlógún nìyí, mo ṣì ń bínú."

"Ẹ máa sọ fún mi pé inú bíbí ò da nǹkan fún ni."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọn ò pa ẹnì kankan fún ló ń sọ bẹ́ẹ̀." Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè. "Máa bínú. Orí ni kó o fi máa bínú, má fi ọwọ́ bínú. Èmi fi ọwọ́ bínú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wò ó. Tún ẹ̀rọ mi ṣe, ìwọ lo bà á jẹ́. Jẹ́jẹ́."

Ó tún un ṣe. Lọ́jọ́ kejì, agogo ò dún.

Ní ọdún kẹrin rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tó ti gba ìlà oyè kan sí apá aṣọ, tó sì ń darí èèyàn méjì, wọ́n rán wọn lọ tú ọ̀nà máìlì mẹ́ta kan. Yẹ̀pẹ̀ pupa ni, koríko ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Iṣẹ́ náà kì í yá. Ẹnì kan á máa fi ẹ̀rọ tó ń gbọ́ òórùn irin gbálẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bó bá dún, Sípánà á dojú bolẹ̀, á fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ máa gún yẹ̀pẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì tí ìkókó ń sùn sí. Ibi tí wọ́n bá ti tú, wọ́n á to òkúta tí wọ́n kùn ní funfun síbẹ̀.

Wọ́n ti ṣe máìlì méjì nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan yọ lẹ́yìn wọn. Onífìlà dúdú mọ́kànlélógún wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá wọn, Méjọ̀ kan, jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà.

"Ẹ kúrò lọ́nà," Méjọ̀ ní láti ojú fèrèsé.

"Ó ku máìlì kan, sà."

"Kí lẹ ti rí láti àárọ̀?"

"Ìṣó mẹ́tàdínlógún àti agolo mílíìkì kan, sà."

Àwọn tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Méjọ̀ ò rẹ́rìn-ín. "Torí agolo mílíìkì lẹ ṣe fẹ́ dá mi dúró? Wọ́n ń retí mi ní agogo méjìlá."

"Ta ló ń retí yín, sà?"

Ẹni tó ní ìlà kan ṣoṣo lápá kì í bi Méjọ̀ nírú ìbéèrè yẹn. Ojú ọkùnrin náà pọ́n. "Dẹ́rẹ́bà, máa lọ!"

Sípánà ò rò ó tẹ́lẹ̀. Ó kàn rìn lọ síwájú ọkọ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó sì gbé orí rẹ̀ síwájú táyà. Òórùn rọ́bà gbígbóná gba imú rẹ̀ kan.

"Ẹ gba orí mi kọjá, sà," ó pariwo. "Ó kéré tán, ẹ máa mọ orúkọ ẹni tẹ́ ẹ pa!"

Ẹ́ńjìnnì kú. Ó gbọ́ tí dẹ́rẹ́bà ń yí kọ́kọ́rọ́, tó ń sọ pé, "Ọ̀gá, ó kọ̀, kò fẹ́ jí mọ́ o." Ṣùgbọ́n ìlàjì ni dẹ́rẹ́bà ń yí kọ́kọ́rọ́ náà, Sípánà sì gbọ́ ọ ketekete láti ilẹ̀. Àrùn kankan ò ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn.

Méjọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ń bú ọkọ̀, ó ń bú ẹni tó kó o jọ. "Ta ló mọ mọ́tọ̀ ṣe níbí?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Sípánà nawọ́ sí i.

Ó dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ nù, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Òun àti dẹ́rẹ́bà wo ara wọn fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sẹ́ni tó ṣẹ́jú. Ó yọ fíúsì kan, ó sọ ọ́ sápò. "Páìpù epo ló dí, sà. Ó máa tó wákàtí mẹ́ta."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí nǹkan kan ò ṣe, tó ń fi irin lu irin kí Méjọ̀ lè máa gbọ́ ariwo iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjì rẹ̀ ń gbálẹ̀ lọ níwájú. Ó ń bú Méjọ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ó ń bú bàbá Méjọ̀, ó ń bú gbogbo ẹni tí wọ́n ti ń retí ní agogo méjìlá láti ìgbà tí ayé ti dáyé. Ó ti lé ní wákàtí kan nígbà tí fèrè àwọn méjì náà dún láti ọ̀ọ́kán: wọ́n ti rí nǹkan.

Bọ́ǹbù àkọ́kọ́ wà ní ipa táyà gan-an, ó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ. Èkejì wà ní ìṣísẹ̀ méjì sí i, níbi tí ẹni tó bá bẹ́ sílẹ̀ láti ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ á fẹsẹ̀ lé. Sípánà dojú bolẹ̀. Orí rẹ̀ ń hó bí ìkòkò, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ò mọ̀ sí i. Ó gbẹ́ ẹ, ó nù ún, ó yọ ohun tó yẹ ní yíyọ, lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n fọ́ wọn nínú pápá, ilẹ̀ mì tìtì, onífìlà dúdú kan sì sọ̀ kalẹ̀, ó lọ bì sínú koríko.

Méjọ̀ wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ ti jẹ́ kí n pẹ́," ó ní.

Nígbà tí wọ́n tú ibi tó kù tán, Sípánà dá fíúsì padà. Ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó dúró níwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta. Nínú ìwé tí Méjọ̀ kọ, òun Méjọ̀ ló fura sí ọ̀nà, òun ló ní kí wọ́n tú u dáadáa, wọ́n sì kọ ìwé ìyìn fún un. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n kà sí Sípánà lọ́rùn: ó kọ̀ sí ọ̀gá lẹ́nu, ó sọ̀rọ̀ àrífín, ó sì purọ́ nípa ọkọ̀. Ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òótọ́ ni. Wọ́n já ìlà apá rẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́ ilé ẹ̀ṣọ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu ògiri níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó rántí pé ọwọ́ ni, ó sì béèrè bírò àti ìwé. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀: aago tí ọkọ̀ dé, ọ̀rọ̀ tí Méjọ̀ sọ, ibi tí bọ́ǹbù wà.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, bàbá rẹ̀ wá. Jẹ́jẹ́ ló kọ̀wé sí i. Bàbá ti gbó sí i. Ó di aṣọ mímọ́ méjì fún un sínú báàgì. Ó ka ìwé tí ọmọ rẹ̀ kọ látòkè délẹ̀, kò fo ìlà kan.

"Mélòó ni wọ́n?" ó bi í.

"Bọ́ǹbù méjì, sà."

"Mi ò bi ọ́ ní ti bọ́ǹbù. Èèyàn ni mo ń bi ọ́."

"Mọ́kànlélógún. Pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà àti Méjọ̀, mẹ́tàlélógún."

Ó ká ìwé náà, ó fi í sápò àyà. Ó dìde. Lẹ́yìn náà ni Sípánà gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì lu tábìlì, ó sì ké: "Ta ni ọ̀gá níbí? Ẹ pè é wá!"

"Bàbá, ẹ rọra," ẹ̀ṣọ́ ní.

"Mo ti rọra tó! Ẹ wò ó bí mo ṣe rọra, ọmọ kan ló kù lọ́wọ́ mi! Mo ní ẹ pè é!"

Ẹ̀ṣọ́ sáré. Ọ̀gá àgbà ò wá lọ́jọ́ yẹn. Bàbá lọ jókòó sẹ́nu géètì. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó padà wá lọ́jọ́ kẹta, pẹ̀lú àga tirẹ̀ tó gbé láti ibi tó wọ̀ sí. Gbogbo mọ́tọ̀ tó bá ń wọlé ló ń ka ìwé náà fún lóhùn rara. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n mú un wọlé, bóyá kí géètì lè sinmi.

Wọn ò dá ìlà padà. Ìwé ìyìn Méjọ̀ ò yẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, wọ́n lẹ òfin kan mọ́ ògiri ní gbogbo ibùdó: ọkọ̀ kankan ò gbọ́dọ̀ kọjá lójú ọ̀nà tí àwọn atúbọ́ǹbù bá wà, àfi tí ẹni tó ń darí wọn bá fọwọ́ síwèé, ohun yòówù kí ipò ẹni tó wà nínú ọkọ̀ jẹ́. Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ mú Sípánà lọ wò ó. Ó dúró níwájú ògiri, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé inú ẹ ò dùn ni?" Jẹ́jẹ́ bi í.

"Ìlà márùn-ún péré ni," ó ní. "Ṣé ohun tí wọn ò lè kọ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí nìyí? Ìlà márùn-ún?"

Ọkọ̀ wọn ti ń dúró níta, ọ̀nà máìlì mẹ́sàn-án kan sì wà tí wọn ò tíì tú. Sípánà gbé ọ̀pá irin rẹ̀, ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì ní kí wọ́n gbéra.